Iye Tí Ojúùwọ̀n Pe Tábìlì Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Káfíńtà kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́. Ojúùwọ̀n ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé bó bá ti fojú kan àga, bẹ́ẹ̀dì tàbí tábìlì báyìí, á sọ iye tó tó fún ọ, iye náà kì í sì í yẹ̀. Iṣẹ́ tó yàn láàyò ni títún tábìlì púùlù ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sínúkà. Bí aṣọ orí rẹ̀ bá ya, òun ni wọ́n ń pè. Bí rọ́bà etí rẹ̀ bá kú, tí bọ́ọ̀lù ò ta padà mọ́, òun náà ni. Bí ẹni méjì bá sì fẹ́ ṣòwò tábìlì, tí ọ̀kan ní ó ti wọ́n jù, tí èkejì ní ẹ̀bùn lòun kúkú fi ń ta, wọn á ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ pe Ojúùwọ̀n." Bó bá ti lanu sọ iye kan, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ohun tó fi ń yangàn ni pé òun kì í ṣojúsàájú. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀. "Bí wọ́n bá ní kó o wá díye lé èmi gan-an," obìnrin náà á wí, "wàá kọ́kọ́ ní kí n la ẹnu, kó o lè ka eyín mi." Ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, kò ní jiyàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, ló ń bójú tó gbọ̀ngàn sínúkà tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́-ń-bọ̀ ni àwọn oníbàárà ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Orúkọ yẹ̀yẹ́ ni, láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó lé díẹ̀ lógún ọdún, ó fi odindi ọdún méjì ṣe àṣekún iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń gé òkúta sàréè. Gbogbo ọjọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń sinmi, òun wà nínú eruku. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló fẹ́ fowó ṣe, á ní kẹ̀kẹ́ lòun fẹ́ rà. Ọdún méjì pé, wọn ò rí kẹ̀kẹ́, wọn ò rí bẹ́ẹ̀lì kẹ̀kẹ́. "Kẹ̀kẹ́ dà?" "Ó ń bọ̀." Ó gbéyàwó, ó bímọ, ìyàwó kú, irun orí rẹ̀ di funfun, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ ò tíì dé, orúkọ ò sì lọ.

Gbọ̀ngàn náà kò ju yàrá ńlá kan lọ. Fèrèsé méjì kọjú sí títì, bẹ́ǹṣì gígùn kan fara ti ògiri, pátákó dúdú kékeré kan wà tí wọ́n ń kọ àmì ayò sí, gílóòbù kan tó dé fìlà páànù sì rọ̀ láti àárín òrùlé. Abẹ́ gílóòbù yẹn ni tábìlì wà. Bàbá wọn rà á ní àlòkù lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan tó kógbá sílé, ó sì ti di arúgbó kó tó dé ọwọ́ bàbá wọn. Igi ọ̀gánwó ni gbogbo ara rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ bí ọwọ́ kìnnìún, wọ́n fi awọ rán àpò ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì fi eegun funfun kéékèèké ṣe ọnà sí etí rẹ̀ yíká. Lábẹ́ aṣọ àwọ̀ ewé tó bò ó, òkúta síléètì mẹ́ta ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n fi ìda oyin dí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Òkúta yẹn gan-an ni tábìlì. Igi ṣeé gbẹ́, aṣọ ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n bí òkúta bá ti sán, iye ọjà náà wó sí ìdajì lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Kẹ̀kẹ́-ń-bọ̀ ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀. Ojúùwọ̀n dé, ó bá obìnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó gbé báàgì lé orúnkún. Obìnrin náà ló ni ilé-àlejò tuntun tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó fẹ́ tábìlì àtijọ́ kan tí àwọn àlejò rẹ̀ á rí tí wọn á máa yà ní fọ́tò.

"Mo fẹ́ tà á," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Mo ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin. Màdáámù ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá wò ó kóun tó sanwó. Mo ní àbúrò mi ni ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Nígbà tí Bàbá ní àbúrò àwọn ni, mo ní háà, àbúrò kẹ̀? Ṣé ẹ ò ní gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n yín? Ni mo bá lọ wádìí. Ẹni mẹ́rin ni mo bi. Gbogbo wọn ní bó bá jẹ́ bàbá tó bí yín ló fẹ́ ta ọjà, ẹ̀ẹ́ sọ ibi tó ti jẹrà."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Ojúùwọ̀n nínú ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ tà á, Bọ̀dá?"

"Ó ti rẹ̀ mí."

Ojúùwọ̀n ò béèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó ti ro ìdáhùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀: ọjọ́ ogbó ti dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní ìlú mìíràn ti ń pè é pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, àwọn ọ̀dọ́ ò sì wá gbá sínúkà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó lóṣòó, ó fi ìka kan ẹsẹ̀ tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fetí sí i. Igi náà le koránkorán, kòkòrò ò dé ibẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà etí rẹ̀: mẹ́rin ṣì ń mí, méjì ti kú. Wọ́n ti fi òwú ẹja rán ọ̀kan nínú àwọn àpò awọ. Bó ṣe ń ṣe é ló ń sọ ọ́ jáde kí obìnrin náà lè gbọ́, ìyẹn sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ní ìkangun kejì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra etí tábìlì lọ, ra á bọ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ojúùwọ̀n rí i. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìfẹ́ ọjà ló ń ṣe é.

Ó wá mú bọ́ọ̀lù funfun, ó tì í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti orí dé ìdí. Bọ́ọ̀lù náà ń lọ geere. Nígbà tó dé ibi òkúta kẹta, ó fò fẹ́rẹ́, ó yà sí òsì. Ó tún tì í. Ó tún yà. Ó fi ìka méjì ra orí aṣọ níbẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀, tó le, tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan.

Ìka Ojúùwọ̀n dúró lórí rẹ̀. Ó mọ ìlà yẹn. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélógójì tó ti mọ̀ ọ́n.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélógún. Bàbá wọn ń kó kúrò ní yàrá àtijọ́ bọ̀ sí gbọ̀ngàn yìí, ó ní kí àwọn méjèèjì gbé òkúta jáde síta kí ọkọ̀ tó dé. Òkúta kẹta ni wọ́n gbé débi àbáwọlé tí ọwọ́ rẹ̀ fi yọ̀. Òun ni. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́. Òkúta náà fi ìdí sọlẹ̀, ó dún kẹ́ẹ́. Nígbà tí wọ́n yí i padà, wọ́n rí i pé ó ti sán dé àárín. Bàbá wọn kì í ṣe ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé sọ fún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó ní, "Gbé e. Má sọ fún Bàbá. Ó kù sọ́wọ́ mi." Wọ́n tò ó padà, wọ́n fi ìda dí ojú sísán náà, wọ́n ta aṣọ bò ó. Lóṣù tó tẹ̀lé e ni Ojúùwọ̀n lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní ìlú mìíràn, ó sì lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Nígbà tó dé, ẹnikẹ́ni ò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, òun náà ò sì béèrè.

Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan tábìlì yìí. Bí aṣọ rẹ̀ bá gbó, á ti gbọ̀ngàn pa, á dá nìkan pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń sọ ọ́ pé, àbúrò rẹ ni gbogbo ìlú ń pè, ìwọ ń dá ṣe tìrẹ. Ojúùwọ̀n ti rò pé òun mọ ìdí rẹ̀: ẹ̀gbọ́n òun ò fẹ́ kóun rí sísán náà kí ojú má baà ti òun.

Ó nàró. Obìnrin náà ń wò ó. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n fún òun ní ìdajì ọjọ́, kóun tú etí tábìlì, kóun ṣí aṣọ, kóun fojú ara òun rí òkúta. Ó lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn ilé, kó bi í léèrè. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń wo aago, òun gan-an alára sì dá ara rẹ̀ lójú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni mẹ́rin ti jẹ́rìí sí i pé kì í gbè sẹ́yìn ẹbí.

"Màdáámù," ó ní, "òkúta kẹta ti sán. Ó ti pẹ́. Wọ́n gbé e ṣubú nígbà tí wọ́n ń kó wá síbí."

Wọ́n. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló fi bo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú sókè. Ó rí i tó lanu, tó sì pa á dé.

"Èló ló wá jẹ́?" obìnrin náà béèrè.

"Bí kì í bá ṣe ti òkúta, iye tí wọ́n pè é ò burú. Pẹ̀lú òkúta tó sán, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó. Mi ò ní lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín."

Ìdajì gẹ́lẹ́. Obìnrin náà yíjú sí Kẹ̀kẹ́-ń-bọ̀. "Bàbá, ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe èmi ni mo wí."

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ kúrò létí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ohun tí àbúrò mi bá ti wí, bẹ́ẹ̀ náà ni."

Bí wọ́n ṣe tà á nìyẹn. Obìnrin náà sanwó lọ́jọ́ náà gan-an, ó ní kí tábìlì ṣì wà níbẹ̀ títí yàrá rẹ̀ á fi parí, Ojúùwọ̀n ni á sì wá tú u, tí á tún un tò ní ilé-àlejò.

Nígbà tó délé tó ròyìn fún ìyàwó rẹ̀, ìyẹn gbé abẹ́rẹ́ tó fi ń ránṣọ sílẹ̀. "O sọ ọ́ lójú oníbàárà?"

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Mi ò ní kì í ṣòótọ́. Mo ní, o ò lè pè é sẹ́yìn ilé kó o kọ́kọ́ bi í?"

"Tí mo bá pè é sẹ́yìn ilé, kí ni obìnrin yẹn á rò?"

Ìyàwó rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ padà.

Oṣù kan lẹ́yìn èyí ni Kẹ̀kẹ́-ń-bọ̀ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó fi kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, kò wá fúnra rẹ̀. Wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. "Ara ńkọ́?" "A dúpẹ́." "Ilé ńkọ́?" "Àlàáfíà ni." Kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ náà.

Oṣù márùn-ún kọjá kí yàrá ilé-àlejò tó parí. Ojúùwọ̀n mú lébìrà méjì tí wọ́n lágbára, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn, wọ́n gbá eruku ibẹ̀ kúrò. Ó tú súkúrù etí tábìlì, ó yọ rọ́bà, ó fa ìṣó aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká aṣọ náà bí ẹni ká ẹní. Òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fara hàn.

Ó kọ́kọ́ wo ibi tí sísán wà. Ìlà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó fi èékánná kàn án, díẹ̀ ṣí kúrò lára rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, ó ha á. Ìlà náà ká kúrò lára òkúta bí èèpo. Ìda ni. Ìda tó ṣàn kúrò ní ojú ìpàdé òkúta méjì nígbà tí wọ́n pààrọ̀ aṣọ kẹ́yìn, tó dì síbẹ̀, tí ẹni tó ń ṣe é ò rí i nù. Abẹ́ rẹ̀, òkúta ń dán, ó jọ̀lọ̀ bí awẹ́ obì. Kò sí sísán. Kò sí àmì sísán.

"Ẹ bá mi yí i padà," ó wí fáwọn lébìrà náà.

Wọ́n yí i. Lẹ́yìn òkúta kìíní àti ìkejì, àwọn tó kọ́kọ́ ṣe tábìlì náà ti fi irin kọ nọ́ńbà sí i, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ẹ̀yìn òkúta kẹta ò ní nọ́ńbà. Ó dúdú ju àwọn yòókù lọ díẹ̀, ní igun rẹ̀ ni wọ́n sì fín ẹyẹlé kékeré kan sí, pẹ̀lú ọdún. Ojúùwọ̀n mọ ẹyẹlé náà. Gbogbo òkúta sàréè tó jáde lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyé ìgbà náà ló ní in. Ó ka ọdún náà, ó fi ìka ṣírò rẹ̀. Ọdún kejì sí ìgbà tí òkúta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ìgbà tóun ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọ̀ngàn.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín ni?" ọ̀kan nínú àwọn lébìrà náà béèrè.

Ọdún méjì. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ọdún méjì nínú eruku òkúta, kí àṣìṣe àbúrò má baà dé etí bàbá. Kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ayé fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí òun pẹ̀lú ti bá wọn rẹ́rìn-ín sí láìmọye ìgbà, òkúta yìí ni owó rẹ̀ ti di, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ yìí wá. Òun ló sì tún dúró níwájú oníbàárà, tó pe gbèsè tí wọ́n ti san tán ní gbèsè, tó tún ní "wọ́n" ló gbé e ṣubú.

Àwọn àgbà ní gbogbo ọlọ́gbọ́n ayé kó ara jọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Ojúùwọ̀n ti máa ń sọ ọ́ fáwọn ẹlòmíràn. Òun gan-an ò mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu títí di ìsinsìnyí.

Ó parí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó tún tábìlì tò ní ilé-àlejò, ó fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó bóyá ó tẹ́jú, títí bọ́ọ̀lù fi ń lọ tààrà. Lẹ́yìn náà ó lọ bá obìnrin náà nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

"Màdáámù, mo ṣìṣe. Òkúta náà ò sán. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nígbà kan, nítorí náà kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì máa ń mú iye wálẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tó tọ́ ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ẹ rà á ní ọ̀pọ̀."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn pẹ́. "Ọ̀gá, mo mọyì bẹ́ ẹ ṣe wá sọ ọ́. Ẹlòmíràn ò ní sọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Bí ẹ bá ti ṣí i, tẹ́ ẹ rí i pé òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sán, ṣé Bàbá máa dá owó padà fún mi?"

"Rárá o."

"Ẹ ò rí i? Ẹnu yín ni mo fi rà á. Mi ò yan yín jẹ, ẹ ò sì yàn mí jẹ."

Bó bá jẹ́ Ojúùwọ̀n ni wọ́n pè wá dá ẹjọ́ yẹn, bí obìnrin náà ṣe wí lòun náà máa wí.

Ó lọ sí bánkì, ó gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún nínú owó tó fi ń tọ́jú àtiṣe òrùlé ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló fi owó náà sínú àpò ìwé, tó sì bá a so ó. "Máa lọ," ó ní. "Má sì wá àwáwí níwájú ẹ̀gbọ́n ẹ. Wí i bó ṣe jẹ́."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Télọ̀ ni, yàrá iwájú rẹ̀ kún fún aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sí ògiri. "Ẹ kú ìrìn, Bàbá kékeré," ó ní. Ohùn rẹ̀ tutù, kò le, kò sì rọ̀. Kó tó mú un wọlé, ó rọra dá a dúró láàárín aṣọ. "Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ojú òsì wọn ti lọ."

"Ojú wo?"

"Ẹ ò mọ̀ ni?" Ó wò ó dáadáa, bí ẹni tí kò gbà gbọ́. "Ó ti lé lọ́dún kan tójú ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Dókítà ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí méjèèjì kíá. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ta tábìlì. Owó tó wọlé àti èyí témi ní tó fún ojú kan péré. Wọ́n ṣe ọ̀tún. A ní ká máa wá ti òsì, ọ̀tún yá, òsì ò dúró dè wá."

Ojúùwọ̀n di aṣọ kan mú lára ògiri. Ìda tó dì sórí òkúta ló wá sí i lọ́kàn, ìda tí ẹni tó ń ṣe é ò rí i nù. Ó rántí àtẹ́lẹwọ́ tó ń ra etí tábìlì lọ bọ̀. Òun tí wọ́n ń pè ní Ojúùwọ̀n ti dúró ti ẹni tójú ń fọ́, kò rí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó nínú àga onírọ̀rí lẹ́bàá fèrèsé. Ó gbọ́ ẹsẹ̀, ó yí orí padà. "Ta ni ìyẹn? Àbúrò? Wọlé, jókòó."

Ojúùwọ̀n ò jókòó. Ó dúró, ó sì wí i bó ṣe jẹ́: ìda, òkúta, ẹyẹlé, ọdún tí wọ́n fín sí i. "Bọ̀dá, ẹ mọ̀ pé kò sán. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ ń gbọ́ mi. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi jẹ́ kí n mọ̀?"

"Kí n ní kí ni?"

"Kẹ́ ẹ ní irọ́ ni."

"Níwájú obìnrin yẹn?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí. "Ó ti rìn gbogbo ìlú béèrè ọ̀rọ̀ ẹ, wọ́n ní o kì í ṣìṣe. Kí èmi ẹ̀gbọ́n ẹ wá sọ ọ́ lójú ẹ pé o ṣìṣe? Ta ló máa pè ọ́ lọ́la? Èmi ní tábìlì, mo ní ọmọ. Ìwọ, orúkọ yẹn lo ní."

"Ojú yín ńkọ́? Ẹ ò lè sọ fún mi pé ojú ni?"

"Tí mo bá sọ fún ọ, wàá ta irinṣẹ́ ẹ. Mo mọ̀ ọ́." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí òsì dúró díẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó má dúró. Mo ní á dúró. Èmi náà díye lé e, mo ṣì í. Ìwọ nìkan kọ́ lo ṣìṣe lọ́jọ́ yẹn."

Omijé ń bọ̀ lójú Ojúùwọ̀n. Ó gbé àpò ìwé náà lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti múra sílẹ̀ pé yóò kọ̀ ọ́, ó ti ń ro gbogbo ẹ̀bẹ̀ tóun máa bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ nínú àga.

"Mo gbà á," ó ní. "Tí mo bá kọ̀ ọ́, á jẹ́ pé mo fẹ́ fìyà jẹ ọ́. Mi ò fẹ́ fìyà jẹ ọ́. Ọmọ yìí ti náwó jù lórí mi, ó nílò maṣíìnì tuntun." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣùgbọ́n ó dùn mí o. Kí n má parọ́ fún ọ. Kì í ṣe iye tó o pè. 'Wọ́n' yẹn ló dùn mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá."

"Mo ti gbọ́."

Láti ìgbà náà, Ojúùwọ̀n kì í díye lé tábìlì tí wọn ò bá tíì ṣí aṣọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kùn pé ó ti ń lọ́ra jù, pé ọwọ́ rẹ̀ tó yá tẹ́lẹ̀ dà, àwọn kan tilẹ̀ lọ wá ẹlòmíràn. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Bó bá sì ti parí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ méjì méjì, á wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn á jọ jẹun, wọn á jọ gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, wọn á sì jiyàn lórí ohun tí kò tó jiyàn lé. Ẹ̀rín ti ń padà, díẹ̀díẹ̀.

Àṣà rẹ̀ ni láti fa àga kékeré wá sí apá òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ fèrèsé. Á jókòó, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì yí gbogbo ọrùn padà kó tó rí i. Á rántí. Á dìde, á gbé àga rẹ̀ yí ẹ̀yìn àga onírọ̀rí náà ká, á gbé e sí apá ọ̀tún, á tún ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.